Iná ló kẹ́yìn: àkọsílẹ̀ bí a ṣe tú orí ọkọ̀ ojú irin kan palẹ̀

Orí ọkọ̀ ojú irin méjì ló wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa tí kò lè lọ síbì kankan mọ́. Wọ́n ti yọ méjèèjì kúrò nínú ìwé, wọ́n ti fi ọ̀dà funfun fa ìlà kọjá lórí nọ́ńbà wọn, koríko sì ti gba inú bógì wọn, ìyẹn férémù tó di táyà wọn mú, yọ sókè. Àkọ́kọ́ nínú méjèèjì ni mo ń kọ nípa rẹ̀ yìí. Ohun tó wà nínú ìwé iṣẹ́ kò ju ìlà mẹ́ta lọ: ẹ yọ èyí tó bá ṣì wúlò, ẹ gé ìyókù, ẹ kó o lọ sí ilé ìyọ́rin. Èèyàn mẹ́fà ni wá, pẹ̀lú kíréènì kan tí àwa àti ẹ̀ka mìíràn jọ ń lò. Ẹ fi kíréènì yẹn sọ́kàn. Òun ló bí wàhálà ọjọ́ kẹtàlá.

Fún ẹni tí kò mọ inú rẹ̀: ẹ́ńjìnì dísù EMD 645 onísílíńdà 12 ló ń gbé orí yìí rìn (EMD ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é). Àyè tí písítìnì ń gbá nínú sílíńdà kan ṣoṣo ni 645 yẹn, ní íǹṣì lọ́nà mẹ́ta. Ó lé ní lítà mẹ́wàá àti ààbọ̀. Ẹ́ńjìnì yìí ò kan ẹsẹ̀ ọkọ̀ rárá. Jẹnẹrétọ̀ ló ń yí, jẹnẹrétọ̀ ń fi iná ránṣẹ́ gba inú wáyà tó nípọn bí ọwọ́ ọmọdé, wáyà náà ń lọ bá mọ́tọ̀ mẹ́fà nísàlẹ̀, ọ̀kan fún ọ̀pá táyà kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ tú u, bàbà ló ń tú tó irin.

Ọjọ́ 1

Ọjọ́ ikú erin là ń rí oríṣiríṣi ọ̀bẹ. Kó tó di aago mẹ́wàá, ẹ̀ka mẹ́ta ti wá dúró tì í. Àwọn onímànàmáná fẹ́ mọ́tọ̀ ẹsẹ̀. Àwọn tó ń tún ẹ́ńjìnì ṣe fẹ́ tọ́bò tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnì, gọ́fánọ̀ tó ń ṣàkóso eré rẹ̀, àti sílíńdà èyíkéyìí tó bá dáa. Ẹnì kan tilẹ̀ gòkè lọ síbi ìjókòó awakọ̀, ó jókòó, ó fara mì díẹ̀, ó ní àga náà tó òun.

Mo gbé ṣọ́ọ̀kì lé wọn lọ́wọ́. Funfun ni “ẹ yọ ọ́”, pupa ni “ẹ gé e”. Mo ní kí kálukú fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa àmì, torí ohun tí èèyàn bá fẹnu sọ lónìí, ó lè ní òun ò sọ ọ́ lọ́la. Àwọn oníbúréèkì nìkan ni kò yọjú. Mo ránṣẹ́ sí wọn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní àwọn ń bọ̀.

Ọjọ́ 2 àti 3

Gbígbẹ omi àti epo. Bátìrì la kọ́kọ́ yọ: sẹ́ẹ̀lì 32, fóòtì méjì-méjì, àpapọ̀ 64. Wọ́n ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n ásíìdì inú wọn ò bá wọn kú. Èyí tó sán nínú wọn ti jẹ ìsàlẹ̀ àpótí rẹ̀ ní àjẹlu, bí aṣọ tí ikán jẹ. A bu sódà lé e títí tó fi dẹ́kun híhó. Òjé ló wà nínú wọn, ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n ń lọ, wọn kì í bá irin lọ.

Táǹkì afẹ́fẹ́ búréèkì ló tẹ̀ lé e. Ọwọ́ gẹ́éjì wà lórí òdo. Èmi ò ka gẹ́éjì ọkọ̀ tó ti dúró fún ọdún gbọọrọ sí ẹ̀rí, nítorí náà a ṣí gbogbo kọ́ọ̀kù ìsàlẹ̀, a sì fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gún ihò wọn. Omi ìpẹtà ló dà jáde nínú mẹ́ta. Ìkẹrin fọn bí ejò fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kó tó dákẹ́. Ọmọ iṣẹ́ wa tó kéré jù fò sẹ́yìn. Mo ní kó má tijú, ẹ̀rù tó yẹ nìyẹn.

Omi rádíétọ̀ pọ́n bí omi osùn. Kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà ló pọ́n bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn orí tó dàgbà ju èyí lọ, kúrómétì tó ń fa jẹjẹrẹ ni wọ́n ń lò. Bó ti wù kó rí, dúrọ́ọ̀mù ló ń lọ, kì í ṣe gọ́tà. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì náà lọ sínú dúrọ́ọ̀mù tirẹ̀. Ọ̀pá tí a tì bọ inú táǹkì dísù jáde gbígbẹ, àmọ́ nígbà tí a ṣí ojú ìsàlẹ̀, ẹrẹ̀ dúdú tó kún dúrọ́ọ̀mù kan ló rọra ń wọ́ jáde. Ọ̀pá kì í mọ ẹrẹ̀.

Ọjọ́ 4 sí 8

Fáìlì sọ pé kò sí asbẹ́sítọ́ọ̀sì, ohun tí wọ́n fi ń dènà ooru, lára orí yìí. Fáìlì kan náà sọ pé àga méjì ló wà níbi ìjókòó awakọ̀, ẹyọ kan ni mo sì bá. A gé ìwọ̀n ìka kan lára ohun tí wọ́n fi wé páìpù èéfín, a gé òmíràn nínú àpótí tó ń pa iná tí ń ta láàárín àwọn súìtì ńlá, a rán wọn lọ fún àyẹ̀wò. Ti súìtì mọ́. Ti páìpù ò mọ́.

Bí iṣẹ́ ṣe bọ́ lọ́wọ́ wa fún ọjọ́ mẹ́rin nìyẹn. Àwọn tó ní ìwé àṣẹ fún un wá, wọ́n fi ọ̀rá pàgọ́ bo àárín ọkọ̀ náà, wọ́n ń fi omi rin ín kí eruku má bàa gbéra, wọ́n ń dì í sínú àpò méjì lórí ara wọn. Kò sẹ́ni tó bínú. Eruku yẹn lè wà nínú ẹ̀dọ̀fóró fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó fi ara hàn, ẹni tó bá sì gé irú páìpù bẹ́ẹ̀ láìbojú wẹ̀yìn, àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ló fi ṣeré.

Nínú ìjókòó yìí ni ọ̀rọ̀ Swindon, ọgbà iṣẹ́ réluwé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti wáyé láàárín wa. Ọgbà iṣẹ́ náà kọ́ 30 nínú àwọn orí tí wọ́n ń pè ní Western. Crewe, ọgbà iṣẹ́ mìíràn níbẹ̀, kọ́ 44 yòókù, gbogbo rẹ̀ láàárín 1961 sí 1964. Ẹ́ńjìnì Maybach méjì ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, agbára wọn kì í sì í gba wáyà dé ẹsẹ̀ bíi ti wa. Àpótí Voith, tí epo inú rẹ̀ ń gbé agbára dé ẹsẹ̀, ni wọ́n ń lò. Wọ́n rìn dáadáa, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ réluwé ibẹ̀ ti yan ti mànàmáná, ó sì sú wọn láti máa tọ́jú irú méjì. Àwọn tó kẹ́yìn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù kejì ọdún 1977, Swindon tó bí apá kan wọn náà ló sì gé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Nínú 74, 7 ló kù lónìí. Àwọn ìbátan wọn kékeré tí wọ́n ń pè ní Class 22, 58 ni wọ́n kọ́, kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Ohun tó wọ̀ mí lára nínú ìtàn náà ni pé láwọn ọdún ìkẹyìn, àwọn Western tó ti dúró ni wọ́n ń já láti fi gbọ́ bùkátà àwọn tó ṣì ń rìn. Iṣẹ́ tí àwa náà ń ṣe gan-an nìyẹn: ó ku orí mẹ́rin irú eléyìí tó ń fà ọkọ̀, àwọn la sì ń yọ ẹ̀yà ara fún.

Ọjọ́ 9 sí 11

A ṣí ìdérí òrùlé, ojú ọ̀run wọlé, a rí ẹ́ńjìnì náà ní gbangba. Ohun tó dáa lára 645 ni pé sílíńdà kọ̀ọ̀kan ń jáde lódindi, hẹ́ẹ̀dì, láínà (ògiri inú sílíńdà), písítìnì àti apá rẹ̀, bí ẹni fa eyín yọ. Kí ó tó lè jáde, o gbọ́dọ̀ gba ojú fèrèsé ẹ̀gbẹ́ tú apá písítìnì kúrò lára kíráǹkì, ọ̀pá tí gbogbo písítìnì jọ ń yí. Kí ọwọ́ rẹ tó lè dé ibi bọ́ọ̀tì yẹn, o gbọ́dọ̀ yí kíráǹkì dé ibi tó yẹ. Kíráǹkì wa ò yí.

A fi ọ̀pá gbà á mú, èèyàn méjì gun orí rẹ̀, kò mira. Ẹni tó gbé ọkọ̀ yìí síbẹ̀ ò dé ẹnu èéfín rẹ̀. Fáàfù èéfín mẹ́rin ló wà lórí hẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan. Sílíńdà tí tirẹ̀ bá wà ní ṣíṣí lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnì kú, ibẹ̀ ni òjò máa sọ di ilé. A yọ ìbòrí, a tan iná wo inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà 9 ni. Omi ti dúró lórí písítìnì rẹ̀, ó ti lọ, ó ti wá, ó sì fi òrùka ìpẹtà mẹ́ta sílẹ̀ lára láínà, ọ̀kan lókè èkejì, bí àmì ibi tí odò dé lára ògiri. Ẹyọ kan yìí ló de mọ́kànlá yòókù mọ́lẹ̀.

Dísù àti epo gíà la dà pọ̀ lé e lórí, a fi í sílẹ̀ sùn. Ọjọ́ kejì, ó ń mu ún, àmọ́ kò tíì gbà. A tún da òmíràn. Láàárọ̀ ọjọ́ 11 a gun ọ̀pá lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dún bí igi tó ya, kíráǹkì sì sún ní ìwọ̀n àtàǹpàkò kan. Ọ̀gá tó dúró nísàlẹ̀ ní, “Ẹ má sáré. Ẹ dá a padà sẹ́yìn kẹ́ ẹ tó tún tì í síwájú.” A ń mì í lọ mì í bọ̀ bẹ́ẹ̀ fún bí wákàtí kan kó tó yí po.

Láti ibẹ̀ lọ, iṣẹ́ yá. Ohun kan ṣoṣo tí ẹni tuntun máa ń ṣì mú ni pé sílíńdà méjì tó kọjú síra jọ wà lórí ojú kíráǹkì kan: apá ọ̀kan la bíi pàlàka igi, apá èkejì wọ àárín pàlàka náà. Tí o bá kọ́kọ́ fa oní-pàlàka, o ti fún ara rẹ ní iṣẹ́ méjì. Mẹ́jọ nínú méjìlá ló lọ sí ẹ̀ka ẹ́ńjìnì, tọ́bò àti gọ́fánọ̀ tẹ̀ lé wọn. Nọ́ńbà 9 lọ sínú pàǹtí, pẹ̀lú òrùka rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọjọ́ 12

Kíréènì gbé ìyókù ẹ́ńjìnì àti jẹnẹrétọ̀ jáde. Àǹtí tó ń wa kíréènì náà kọ̀ láti gbé e pọ̀, ó ní ká ya jẹnẹrétọ̀ sọ́tọ̀. Ó gba wa ní wákàtí mẹ́ta sí i. Òtítọ́ ló sọ.

Ọjọ́ 13

Èmi ló ni ẹ̀bi ọjọ́ òní, kí n tètè sọ ọ́.

Òfin wa ni pé iná ló ń kẹ́yìn. Ohun tí sípánà bá lè tú, sípánà ni. Ohun tí búrọ́ọ̀ṣì bá lè nù, a máa nù ún. Tọ́ọ̀ṣì gáàsì kì í wọlé títí kò fi sí ohun tó lè jó mọ́. A ò tíì dé ibẹ̀. Wáyà ńlá ṣì wà nínú ihò abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, a ò sì tíì ha ihò náà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kíréènì ń padà sí ẹ̀ka kejì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sì ní padà wá fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo wò ó pé bí a bá gé ilé awakọ̀ kúrò lónìí, kíréènì á gbé e sọ̀kalẹ̀ kó tó lọ. Ilé awakọ̀ jìnnà sí yàrá ẹ́ńjìnì. Mo ní kí wọ́n tan gáàsì.

A gé e tán, a gbé e sọ̀kalẹ̀, inú gbogbo wa dùn. Ó yẹ kí ẹnì kan dúró ti ojú ibi tí a gé fún wákàtí kan ó kéré tán. Lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, mo ní kó máa bọ̀ wá sinmi.

Ọmọ iṣẹ́ yẹn kan náà, tó fò sẹ́yìn lọ́jọ́ 3, ló padà lọ mú ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó pè mí láìgbé ohùn sókè: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fọwọ́ kan ibí.” Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí irin ilẹ̀ ní àárín ọkọ̀, ó tó mítà márùn-ún sí ibi tí a ti gé. Ó gbóná. Ọ̀dà ibẹ̀ ti ń wú pọ́kọ́pọ́kọ́. Nígbà náà ni mo rí èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yọ lẹ́nu ihò wáyà, kò pọ̀ ju ti ẹni tó ń mu sìgá.

Ìta iná kan ló ti bọ́ sínú ihò náà. Ọ́ìlì tó ti ń ṣẹ́ sínú rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ ti pò mọ́ eruku, ó ti di bí ọ̀dà títì, iná sì ń jẹ ẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀ níbi tójú ò tó. Agolo ìpaná ò wúlò. A tú u sí ẹnu ihò, èéfín fà sẹ́yìn, ó tún padà. A fi sípánà ṣí ìbòrí méjì, a ti ẹnu họ́ọ̀sì bọ̀ ọ́ lápá òkè, a jẹ́ kí omi máa ṣàn gba inú rẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Kò sẹ́ni tó fara pa.

Àdánù: bí ogójì mítà wáyà ńlá. Bàbà inú rẹ̀ ò jó, ṣùgbọ́n bàbà tí iná ti pa lára dúdú, ẹni tó ń rà á kì í kà á mọ́ èyí tó ń dán. Ọ̀gá ò pariwo. Ó ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ fúnra mi, kí n kọ aago tí mo ní kí olùṣọ́ kúrò níbẹ̀. Mo kọ ọ́.

Ọjọ́ 14 sí 16

A padà sí ohun tó yẹ ká ti ṣe. A fa wáyà tó kù, a fi kọ́kọ́rọ́ irin ha ihò náà láti òpin dé òpin, a kó ẹrẹ̀ ọ́ìlì tó kún dúrọ́ọ̀mù kan àti ààbọ̀. A kò jó ọ̀rá ara wáyà láti rí bàbà, ẹ̀rọ la fi bó o. Èéfín ọ̀rá yẹn kò dára fún ẹnikẹ́ni, mo sì ti rí bàbà jíjó tó fún ìgbésí ayé mi.

Táǹkì dísù. Táǹkì òfìfo léwu ju táǹkì kíkún lọ, torí oru ló kún inú rẹ̀. A fọ̀ ọ́, a rọ omi kún un, a fi ayùn tí kì í ta iná gé ojú rẹ̀, ìgbà tí ó ṣí gbayawu tán la tó jẹ́ kí gáàsì sún mọ́ ọn.

Ọjọ́ 17 sí 20

Jáàkì mẹ́rin gbé férémù kúrò lórí bógì, a gbé e lé orí ìdúró, gígé gan-an sì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé gáàsì ló ń yọ́ irin. Gáàsì kàn ń mú un gbóná ni, dé bí ìwọ̀n 900 lórí Celsius. Tí irin bá ti pọ́n dáadáa, o tẹ ọwọ́ tọ́ọ̀ṣì, ọ́síjìn dé, irin fúnra rẹ̀ ni ó ń jó. Ìdí nìyẹn tí tọ́ọ̀ṣì yìí fi ń ya irin tó nípọn tó ọwọ́ bí ẹni ya aṣọ, tí ó sì dé ara bàbà tàbí irin tí kì í dípẹtà tí ó kàn ń tutọ́ síra.

Ọ̀dà rẹ̀ ní òjé nínú. A ha á ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lápá méjèèjì ìlà tí a fẹ́ gé, kálukú wọ ìbomú tó ní afẹ́fẹ́ tirẹ̀. Kò sí èyí tó yẹ sílẹ̀ níbẹ̀: èéfín òjé kì í mú ni húkọ́, ẹ̀jẹ̀ ló ń bọ́ sí.

Ilé ìyọ́rin ní kí ègé kankan má gùn ju mítà 1.5 lọ, kó má sì fẹ̀ ju ààbọ̀ mítà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ọjọ́ mẹ́rin lọ, ibẹ̀ ló lọ. Abẹ́ orí ọkọ̀ ní àwọn irin tí wọ́n kàn dè mọ́ ọn kó lè wúwo kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má bàa yọ̀ lórí irin. Èyí tí wọ́n fi bọ́ọ̀tì dè la fi sípánà tú, a sì gbé wọn lọ láìgé. Ọpẹ́ ni fún ẹni tó lo bọ́ọ̀tì.

Ọjọ́ 21 sí 23

Bógì. Ẹni tó bá rò pé irin tó dúró jẹ́ẹ́ ti sinmi, kó wá wo sípíríǹgì bógì. Agbára tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ fi jáàkì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí a tó fa ìṣó kankan yọ.

Mọ́tọ̀ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lé ní tọ́ọ̀nù méjì ààbọ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ sinmi lórí ọ̀pá táyà, ẹ̀gbẹ́ kejì fi imú kọ́ férémù bógì, gíà kékeré eléyín 15 tó wà lẹ́nu rẹ̀ sì ń yí ti ara ọ̀pá, tó ní eyín 62. Nígbà tí a ṣí àpótí gíà nọ́ńbà 4, gíríìsì ibẹ̀ ń dán yẹ́ríyẹ́rí. Eyín ló lọ̀ sínú rẹ̀. Àwọn onímànàmáná fi mẹ́gà, ẹ̀rọ tó ń fi hàn bóyá iná ń jò, yẹ gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wò: mẹ́rin ṣì di iná mú dáadáa, nọ́ńbà 4 àti 6 lọ síbi tí wọ́n ti ń tú bàbà inú wọn. Táyà tó ṣì nípọn dé ìwọ̀n, a fi wọ́n sílẹ̀ lórí ọ̀pá wọn.

Ọjọ́ 24

Ọkọ̀ tó kó irin ìkẹyìn jáde ní aago mọ́kànlá. Lórí ojú irin tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, àbàwọ́n ọ́ìlì gígùn kan ló kù, àti koríko tó gba ibi tí bógì wà hù tẹ́lẹ̀, tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan nítorí kò rí oòrùn rí.

A ń ti èkejì bọ̀ sí àyè rẹ̀ nígbà tí ẹnì kan láti ẹ̀ka búréèkì rọra rìn wọlé pẹ̀lú ìwé kékeré lọ́wọ́. Ó kí wa dáadáa. Ó ní òun wá mú fáàfù búréèkì awakọ̀ àti kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ orí ọkọ̀ tí a ń tú.

Mo wo ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ akẹ́rù gbà jáde. Mo ti ọwọ́ bọ àpò, mo mú ṣọ́ọ̀kì funfun lé e lọ́wọ́, mo sì nawọ́ sí èkejì.